Àgbọn Ìyá Èkó

Ilé oúnjẹ méjì ló wà ní àdúgbò wa ní Tudun Wada ní Kàdúná nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tiwa nìkan ni wọ́n ti ń fi àgbọn se ẹ̀wà. Òtẹ́ẹ̀lì làwọn ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibùsùn kankan níbẹ̀ ju bẹ́ǹṣì tí bàbá mi máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Tábìlì mẹ́fà ni, ilẹ̀ oní-sìmẹ́ǹtì, ilé ìdáná lẹ́yìn, àti fèrèsé kan tí ìyá mi ń gbà na àwo oúnjẹ síta. Àwọn akọ̀wé ọkọ̀ ojú irin, àwọn tíṣà, àwọn ṣójà tó gba ìsinmi, gbogbo wọn ló ń jẹun lọ́dọ̀ wa.

Bàbá mi ló mú irú oúnjẹ náà wá, ìyá mi ló ń sè é. Ọmọ Àgùdà Èkó ni bàbá mi, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn ṣẹrú ní Bùràsíìlì, tí wọ́n wá padà wálé pẹ̀lú ẹ̀sìn Kátólíìkì, iṣẹ́ bíríkìlà àti ẹnu tó mọ ohun dídùn. Ìyá mi kì í ṣe Àgùdà. Ìhà Kàbà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ó sì ń sọ Háúsá ju bàbá mi tó ti lo ọdún méjìlá níbẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, ìyá bàbá mi kò wá láti Èkó. Ó ní òun ń ṣàìsàn. Ìyá mi kò gbàgbé àìsàn náà.

Gbogbo ọdún ni ilé oúnjẹ wa ń kún, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí ó ju gbogbo ọjọ́ lọ, Ọjọ́ Ẹtì Rere. Lọ́jọ́ náà a kì í se ẹran, a kì í se ìrẹsì. Fùrẹ́jọ̀n nìkan ni, àti ọbẹ̀ ẹja. Ẹ̀wà ni wọ́n ń sè títí yóò fi rọ̀ bí ògì, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá da omi àgbọn tí wọ́n ti rún sí i pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù, wọ́n á máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Àwọn Àgùdà kì í fi í ṣeré. Ẹni tí fùrẹ́jọ̀n rẹ̀ bá dùn ní Èkó, orúkọ rẹ̀ a máa rìn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ìyá bàbá mi sì ni ẹni tí wọ́n ń gbé ìkòkò wá fún láti gbogbo ojúlé kí ó tọ́ ọ wò kí wọ́n tó pín in. Ìyá Èkó ni mo ń pè é, mi ò sì tíì rí i rí nígbà náà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni lẹ́tà rẹ̀ dé. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá mi ló kà á sókè lórí tábìlì tó sún mọ́ ilé ìdáná, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Wọ́n ti sọ fún Ìyá Èkó pé obìnrin tí kì í ṣe Àgùdà ń ta fùrẹ́jọ̀n fún gbogbo ayé ní ilẹ̀ Háúsá. Ó ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ fùrẹ́jọ̀n lóòótọ́, ó fọwọ́ sí i. Bí kì í bá ṣe fùrẹ́jọ̀n, yóò mú ọmọbìnrin ilé lọ sí Èkó, kí ọmọ náà lè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ nílé bàbá rẹ̀.

Èmi ni ọmọbìnrin ilé. Èmi náà sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá mi ní, nítorí ó ti sin méjì ṣáájú mi.

Ìyá mi ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Kò gbé ojú sókè.

Ó ní, "Ẹ dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe."

Bàbá mi ká lẹ́tà náà. "Ìyá mi ni. Báwo ni mo ṣe máa kọ irú ìyẹn sí i?"

"Ọmọ mi ni. Báwo lẹ ṣe máa fi í tọ́ ọbẹ̀ wò?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń sọ fún ìyá ọkọ pé òun kò ní fún un ní ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ló ti bá ìyá àgbà lọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò sì mọ ojú ìyá rẹ̀ dáadáa mọ́ nígbà tó padà. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń se fùrẹ́jọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń se é, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń bú u. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ mímọ́ ni Ìyá Èkó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo ti ń retí obìnrin gìrìwò kan. Ẹni tí mo rí kéré, ó gbẹ, ó wọ bùbá funfun tí wọ́n ti lọ̀ títí ó fi lè dúró fúnra rẹ̀. Àpò àgbọn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí alárù méjì jọ gbé. Ó wo ìyá mi tó kúnlẹ̀ lórí pèpéle ibùdókọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Òkun o, ìyàwó."

Bí àwọn ará ìhà Kàbà ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìyá mi náà dá a lóhùn, "Òkun o, mà," ó sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó fi ọwọ́ kan gbá èkejì mú.

Nígbà tí a délé, Ìyá Èkó kò tilẹ̀ mu omi tán kí ó tó ní kí wọ́n gbé àpò náà wá sí àgbàlá. Ó ní òun fọwọ́ ara òun ṣa àgbọn wọ̀nyí, òun kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti bá òun ṣà á. Ó fọ́ ọ̀kan mọ́ etí kànga. Òórùn kan jáde níbẹ̀ tó jọ ti ọṣẹ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Bàbá mi fa imú. Ìyá Èkó já ẹ̀kìrí kan, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Ó dùn," ni ó wí. Ó fún ìyá mi ní tirẹ̀.

Ìyá mi jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú ìnáwó."

Ó wá kan èmi. Kò tíì kan ahọ́n mi tí mo ti mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ pátápátá. Mo fẹ́ tu ú, ìyá mi sì fi èékánná méjì já mi ní ẹ̀yìn apá.

Ìyá Èkó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi. "Ṣé ó dùn, ọmọ mi?"

"Ó dùn, mà."

Ó wò mí pẹ́. Mo rò nígbà náà pé irọ́ mi ló rí.

Ìyá mi fọ́ mẹ́rin mìíràn nígbà tí Ìyá Èkó wọlé lọ sinmi. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó pe bàbá mi sí ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi wà níbẹ̀ nítorí èmi ni mò ń fẹ́ iná, kò sì sẹ́ni tó rántí pé mo létí.

"Ó ń dán mi wò ni," ìyá mi wí. "Ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Bí mo bá fi se fùrẹ́jọ̀n, ó máa ní mi ò ní ahọ́n. Bí mi ò bá fi se é, ó máa ní mi ò ní ẹ̀kọ́, pé mo da ohun tí ìyá ọkọ mi rù láti Èkó nù."

"Ìyá mi kì í ṣe ìkà ènìyàn."

"Mi ò pè é ní ìkà. Mo ní ó gbọ́n."

"Fi se é. Fi ṣúgà kún un. Bí kò bá dùn, àgbọn rẹ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́ rẹ."

"Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ? Bí kò bá dùn, ọmọ lọ."

Bàbá mi bi í pé kí ló wá fẹ́ ṣe. Ìyá mi kò mọ̀. Ní Kàdúná ìgbà yẹn, àgbọn kì í pọ̀. Èyí tó wà lọ́jà ti tán láti ọjọ́ Ajé nítorí Àjíǹde, ọkọ̀ ẹrù mìíràn kò sì ní dé títí ọdún yóò fi kọjá. Bàbá mi jáde lọ bá ìyá rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó dàbí ọmọdé láàárín àwọn obìnrin méjì, kò sì sí èyí tó lè bá wí.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sán aṣọ rẹ̀, ó ní kí n mú agbọ̀n. A gba ẹ̀yìnkùlé jáde, a rìn dé Kinkinau, sọ́dọ̀ obìnrin Háúsá kan tó máa ń gbé kunu aya wá ta níwájú ilé wa. Aya ni àwọn Háúsá ń pe òfìò. Wọ́n ń rẹ ẹ́, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fún omi rẹ̀, funfun ni, ó dùn, ó sì lọ́ràá. Mo ti mu ún láìmọye ìgbà, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ó jọ omi àgbọn.

"Akwai aya?" ìyá mi bèèrè bóyá ó wà.

"Akwai mana." Obìnrin náà ń wọn ọ́n, ìyá mi sì ń ní kí ó fi kún un, títí obìnrin náà fi dúró. "Biki kuke yi?" Ó ń bèèrè bóyá a fẹ́ ṣàsè.

"Surukata ta zo," ìyá mi wí. Ìyá ọkọ mi ló dé.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáàyà mú. "To, Allah ya taimaka." Ó ní kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e láìgba nǹkan kan, bí ẹni pé òun náà ti rí ìyá ọkọ rí.

A rẹ òfìò náà sínú ìkòkò amọ̀ lábẹ́ tábìlì ilé ìdáná, a fi àpò ìrẹsì bò ó. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Ìyá Èkó kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó jókòó sórí àga, ó ń wo ọwọ́ ìyá mi. Ó ní kí ó ṣa ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní àwọn ará òkè kì í mọ ẹ̀wà ṣà. Ìyá mi ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," lójú rẹ̀ ló sì ti fọ́ àgbọn yòókù tó sì rún un. Ní tòótọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ìkòkò òfìò kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ẹsẹ̀ Ìyá Èkó, òórùn rẹ̀ sì ti ń jáde díẹ̀díẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan. Mo rò pé Ọlọ́run ló dì í nímú.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, bàbá mi mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti rìn Ọ̀nà Àgbélébùú. Bí wọ́n ṣe kọjá igi mángòrò ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀. Èmi lọ òfìò lórí ọlọ títí apá mi fi kú. Ó sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ funfun. Omi àgbọn tó ti rún, ó dà á sẹ́yìn ògiri, mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi pé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò gbóòórùn rẹ̀ tí wọ́n sì yà.

Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún wa ni pé omi òfìò kì í ṣe bí omi àgbọn lórí iná. Kíákíá ló ń ki. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sínú ẹ̀wà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí di nísàlẹ̀ ìkòkò. Ó pariwo pé kí n fa igi iná jáde, ó ń rò ó, ó ń rò ó, òógùn ń já bọ́ lójú rẹ̀, mo sì di etí ìkòkò mú pẹ̀lú àkísà, mò ń sunkún, nítorí mo ti ń rí ara mi nínú ọkọ̀ ojú irin. Kò sí àyè láti lọ kànáfùrù. Ó dì í odindi sínú aṣọ, ó jù ú sínú ìkòkò, aṣọ náà sì tú. A ṣa èyí tí a rí.

Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. "Tọ́ ọ wò. Má purọ́ fún mi."

Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn débi pé inú bí mi pé a ti ń fi àgbọn se é láti ọjọ́ yìí wá.

Lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán, ilé kún fọ́fọ́. Àwọn Àgùdà tó wà ní Kàdúná, àwọn ará ìhà Kàbà, àwọn akọ̀wé, gbogbo wọn ló ti gbọ́ pé Ìyá Èkó wá tọ́ fùrẹ́jọ̀n wò. Wọn kò fọwọ́ kan tiwọn. Bàbá mi gbé àwo lọ síwájú ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá mi dúró sí ojú fèrèsé ilé ìdáná. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ àga Ìyá Èkó, nítorí ó di ọwọ́ mi mú.

Ó jẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ó jẹ èkejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta mo gbọ́ nǹkan tó fọ́ lábẹ́ eyín rẹ̀, mo sì mọ ohun tó jẹ́. Kànáfùrù odindi ni. Mo ti jẹ ẹyọ kan rí nígbà tí eyín ń dùn mí, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni ahọ́n mi fi kú, omi sì ń dà lójú mi. Ìyá Èkó rún un kúná. Kò ya ẹnu, kò mu omi, ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì. Ó gbé e mì, ó sì ń bá oúnjẹ lọ títí àwo fi mọ́.

Ó nu ẹnu. "Àgbọn mi nìyí," ni ó wí sókè. "Àgbọn tí mo fọwọ́ ara mi ṣà. Ìyàwó, o ṣeun."

Ariwo ayọ̀ sọ. Bàbá mi di ìyá rẹ̀ mọ́ra, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ẹnì kan ń lu tábìlì. Èmi fò sókè. Mo wo fèrèsé láti rí ẹ̀rín ìyá mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ẹnu Ìyá Èkó ló ń wò.

Nígbà tí èrò fọ́n, Ìyá Èkó wọ ilé ìdáná wá bu omi. Mò ń fọ àwo lẹ́yìn agbá omi. Ìyá mi rọra ti ilẹ̀kùn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò sí àgbọn nínú rẹ̀."

Ìyá Èkó gbé ife sílẹ̀. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Òfìò ni, mà. Àgbọn yẹn ti bàjẹ́. Láti ìgbà wo ni, mà?"

Mo rò pé yóò bínú. Ó jókòó sórí àpótí ìyá mi, ó kéré sí i níbẹ̀. Ó ní ibà kan ló ṣe òun ní ọdún méjì sẹ́yìn, ibà náà lọ, ó sì mú ahọ́n àti imú òun lọ. Láti ìgbà náà, iyọ̀ àti ṣúgà, ọ̀kan náà ni.

"Wọ́n ṣì ń gbé ìkòkò wá fún mi," ó wí. "Ojú wọn ni mò ń wò. Bí ọkàn ẹni tó sè é bá balẹ̀ jù, màá ní ó kù díẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, màá ní ó dára. Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n àṣírí á tú lọ́jọ́ kan, ìyàwó, wọ́n á sì fi mí ṣẹ̀rín. Mo wá wá ahọ́n ni. Ọmọ tí yóò máa tọ́ ọ wò fún mi, tí kò ní tú mi fó. Bí mo bá kàn bèèrè rẹ̀, ọmọ mi á bi mí ní ìdí." Ó di etí ìró ìyá mi mú. "O ti borí mi. Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Má ṣe jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́."

Ìyá mi yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìró, ó sì dì í mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ìyá mi sọ fún bàbá mi pé ìyá rẹ̀ ti bá òun wí nínú ilé ìdáná. Ó ní àgbà kì í dójú ti ni ní gbangba, pé ìdí nìyẹn tó fi yìn ín lójú èrò. Ó ní òun ti da àgbọn nù, òfìò lòun fi sè é, Ìyá Èkó sì ti mọ̀. Ó ní Ìyá Èkó sọ pé fùrẹ́jọ̀n kọ́ ni. Ó kù díẹ̀.

Bàbá mi pariwo. Ó ní òun ti sọ fún un, òun ti sọ fún un! Ó ní orí kunkun rẹ̀ ló gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Láti ọdún náà ni kò ti jẹ́ kí ó se fùrẹ́jọ̀n mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sè é, ó sì burú, àwọn èrò sì ń jẹ ẹ́ nítorí ojú.

Mo bá ìyá mi nínú yàrá, ó ń ká aṣọ mi sínú àpótí. "Ẹ ti borí!" mo wí. "Wọ́n sọ pé ó dára. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tà mí."

Kò bá mi wí fún ohùn yẹn. "Obìnrin àgbà ni," ó wí. "Ó wà láàárín àwọn tó ń retí kí ó ṣubú. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ẹnu rẹ ni mo yá a, mi ò fi ọ́ fún un." Lẹ́yìn náà ló wá sunkún, ó fi aṣọ ilé ìwé mi bojú.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, ọkọ̀ ti ń fọn fèrè nígbà tí bàbá mi fi ọwọ́ gbá etí fèrèsé tí èmi àti Ìyá Èkó jókòó sí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá mi wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀. Mo jẹ nínú rẹ̀, ó dùn lẹ́nu mi. Kí ló kù níbẹ̀ gan-an?"

Ìyá Èkó yí ojú sí mi. Kò mọ ohun tó lè kù nínú oúnjẹ tí ahọ́n rẹ̀ kò mọ adùn rẹ̀. Mo wo ìyá mi, ìyá mi sì ń wò mí.

"Kò dùn tó, bàbá," mo wí. "Kànáfùrù ti pọ̀ jù."

Bàbá mi mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè sí mi láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi pé mo ti ṣe é dáadáa.